Ògùrọ̀ Etí Ọ̀sà

Bí àwọn tí ń mu ẹmu bá jókòó ní Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí ẹmu gidi ti ń wá, orúkọ tí a máa ń gbọ́ kò pọ̀. Ẹnìkan á ní kò sí èyí tó tó ti inú igbó Ìjẹ̀bú. Ẹnìkejì á ní ti ìhà Òkìtìpupa ni òun ń wá kiri. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn rí á máa ròyìn oko ọ̀pẹ bàbá rẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sọ̀yà pé ti Ìkòròdú ni òun fẹ́, tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹmu tó wà nínú ife tí wọ́n gbé dání lásìkò náà gan-an jẹ́ èyí tí a dá ní àárọ̀ ọjọ́ náà ní etí àbàtà kan láàrin Ìmọ̀tà àti Agbówà. Ìlú tó bá sún mọ́ ìlú ńlá a máa sọ orúkọ rẹ̀ nù báyìí. Ohun tí wọ́n bá ti gbé wọ Èkó, ti Èkó ló dà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni kí n yẹ ẹmu agbègbè náà wò bí lámèyítọ́ ti í yẹ ewì wò, tàbí bí onílù ti í yẹ ìlù ẹlòmíràn wò. Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni lámèyítọ́ ń wá ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Èsì mi kò gùn. Ohunkóhun tí a ń fi ọwọ́ ṣe, tí ẹnìkan lè ṣe dáadáa tí ẹlòmíràn sì lè bà jẹ́, ó yẹ ní gbígbé yẹ̀wò. Àléébù tiwa ni pé ọ̀rọ̀ méjì péré la ní fún ẹmu ní ìgboro, pé ó dùn tàbí pé ó kan, bí ẹni pé ewì kan kò lè ní ju kí ó gùn tàbí kí ó kúrú lọ. Àwọn adẹ́mu fúnra wọn ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Àwa tí à ń mu ún ni kì í bi wọ́n.

Igi méjì ni ẹmu ilẹ̀ Yorùbá dúró lé lórí. Èkíní ni ọ̀pẹ, èyí tó ń fún wa ní epo àti èkùrọ́. Èkejì ni ògùrọ̀, igi inú àbàtà, tí orúkọ igi àti orúkọ ẹmu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀pẹ fẹ́ràn ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí tí omi kò sì dúró lé lórí. Ògùrọ̀ ń fẹ́ kí omi bo ẹsẹ̀ òun. Ọ̀pẹ a máa ga fíofío, igbà ni adẹ́mu fi ń gùn ún, ọkàn ìyàwó rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ títí yóò fi padà délé. Ògùrọ̀ kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ a máa gùn ju igi fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn, àkàsọ̀ lásán sì tó láti fi dé orí rẹ̀. Lára igi kan náà yìí la ti ń rí ìko tí a fi ń ṣe aṣọ Agẹmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, egungun ewé rẹ̀ sì ni àwọn ará etí omi fi ń ṣe òrùlé àti ògiri.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàrin wọn ni ti ikú. Bí adẹ́mu bá dá ọ̀pẹ ní ibi òdòdó akọ rẹ̀, tó sì mọṣẹ́, ọ̀pẹ náà yóò sinmi, yóò tún so. Ti ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó ní gbogbo ayé rẹ̀. Bó bá ti so èso tán, kíkú ló kù fún un. Gbogbo oúnjẹ tí igi náà ti ń kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí òdòdó yẹn ni adẹ́mu ń ṣọ́. Nígbà tí òdòdó bá kù díẹ̀ kó yọ, yóò gun orí igi, yóò gé ewé àárín kúrò, yóò gbẹ́ ihò sí ọ̀mùnú rẹ̀, yóò ki ọparun kékeré bọ̀ ọ́, yóò so agbè tàbí kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ rẹ̀, yóò sì fi ewé bò ó nítorí òjò àti oyin. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni yóò máa padà wá, tí yóò máa fá ojú ọgbẹ́ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí ó má baà san. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí igi yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá mu ògùrọ̀, ìgbẹ̀yìn ayé igi kan ló mu.

Nígbà tí mo bá rántí èyí ni mo máa ń ronú nípa Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó kọ ìwé tí àwọn ará òkè òkun fi mọ̀ pé à ń mu ẹmu. Ìwé náà, *The Palm-Wine Drinkard*, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Faber and Faber. Bàbá ọ̀mùtí inú ìtàn náà fún un ní oko tí igi ọ̀pẹ inú rẹ̀ jẹ́ 560,000. Adẹ́mu rẹ̀ ń dá kẹ́ẹ̀gì 150 láràárọ̀, ó tún ń dá 75 nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gá rẹ̀ sì gbéra ó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìwé náà kò gbayì. Síbẹ̀ ìwé òkè ilẹ̀ ni. Ọ̀pẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù tó sì ń bà á ni ẹ̀rù ibi gíga. Ká ní etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí Tutùọlá ni, igi ni ìbá kú, adẹ́mu ìbá wà láàyè, ọ̀mùtí ìbá sì ní láti wá igi lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìtàn mìíràn ni ìyẹn ìbá jẹ́, ó sì ń wù mí kí ẹnìkan kọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu tí a mọ̀ sí Kegites sílẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 ṣe dáadáa ní tiwọn, wọ́n gbé ẹmu níyì nígbà tí bíà fẹ́ gba gbogbo agbo. Ṣùgbọ́n ẹmu ni wọ́n ń yìn. N kò rí ibi tí wọ́n ti bi í léèrè pé ọmọ ibo ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ náà wàyí. Ìkòròdú jókòó sórí ilẹ̀ pupa tó ga díẹ̀ ju ọ̀sà Èkó lọ, nǹkan bíi kìlómítà 36 sí Èkó. Lórí ilẹ̀ pupa yìí ni ọ̀pẹ wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn odò kéékèèké gé e kọjá, wọ́n ń wá ọ̀sà lọ, inú àfonífojì wọn sì ni ògùrọ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Nítorí náà abúlé kan lè ní ọ̀pẹ lókè kí ó sì ní ògùrọ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó bá rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti rìn láti inú ẹmu kan bọ́ sínú òmíràn. Bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn, tí a gba Ìmọ̀tà kọjá sí Agbówà, Ìkòsí àti Ejìnrìn, ilẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi ń di baálé. Ejìnrìn yìí, ẹ má gbàgbé, ọjà ńlá ni nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ni ọ̀nà kan ṣoṣo láàrin Èkó àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Omi náà sì kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀sà Èkó a máa níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òkun bá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Nígbà tí òjò bá dé tí àwọn odò kún, iyọ̀ náà á yọ́ lọ. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu òkun, omi tútù ló wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ògùrọ̀ kì í bá iyọ̀ gbé. Ibi tí iyọ̀ bá dé, igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lójú omi ni yóò gba etídò. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò nílò kí ó tọ́ omi wò, igi etídò yóò sọ fún un ibi tí iyọ̀ ti parí.

Mo ti mu ẹmu agbègbè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, èrò mi nípa rẹ̀ sì nìyí. Ẹmu ọ̀pẹ ilẹ̀ pupa Ìkòròdú ki lẹ́nu. Ó máa ń kọ́kọ́ dùn, adùn náà sì ń pẹ́ lórí ahọ́n. Òórùn rẹ̀ súnmọ́ ti àgbàdo tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ẹmu rere ni, ṣùgbọ́n ẹ lè rí irú rẹ̀ ní Ṣágámù tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ògùrọ̀ ìhà Ẹ̀pẹ́ ni kò jọ ti ibòmíràn. Ó fúyẹ́. Ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, kì í ṣe bí wàrà. Adùn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yọ ẹsẹ̀, kíkan á sì wọlé ní pẹ̀lẹ́, bí ti ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Bí a bá gbé e mì, ẹnu á gbẹ díẹ̀, á sì tún máa béèrè sí i. Òórùn ewé tútù wà nínú rẹ̀, òórùn ibi tí oòrùn kì í sábà dé. Àwọn tó fẹ́ràn ẹmu dídùn máa ń ní ó ṣàn jù. Lójú tèmi, òun gan-an ni iyì rẹ̀. Ògùrọ̀ kì í fi ṣúgà tan ni jẹ. Èyí tó wà ní àfonífojì ìhà Ìmọ̀tà dúró láàrin méjèèjì, ó ní ara ju ti Ẹ̀pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní òórùn yẹn.

Kò sí ìdájọ́ ẹmu kankan tó pé láìsọ agogo. Omi tó ń kán láti ara igi, ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 10 sí 12 nínú 100. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́, lára igi àti lára agbè kì í jẹ́ kó balẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí adẹ́mu bá gbé e sọ̀kalẹ̀ lówùúrọ̀, ó ti ń hó. Tó bá fi di ọjọ́ kejì, ọtí inú rẹ̀ lè tó 4 tàbí 5 nínú 100, kíkan sì ti gba ọ̀pá àṣẹ. Ní ọjọ́ kẹta, ohun tí a lè fi se ọbẹ̀ ló kù. Nítorí náà gbogbo ẹmu ni ó ní wákàtí tó pé jù nínú ayé rẹ̀, wákàtí náà kì í sì í ṣe ọ̀kan náà fún ọ̀pẹ àti ògùrọ̀. Ọ̀pẹ Ìkòròdú dára jù kí oòrùn tó mú, nígbà tí adùn àti ọtí rẹ̀ ṣì ń bá ara wọn ṣeré. Ògùrọ̀ Ẹ̀pẹ́ ń fẹ́ sùúrù. Adẹ́mu kan ní etí omi lẹ́yìn Agbówà rí mi tí mo na ọwọ́ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ọmọdé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gbọ́n." Ó bu ti òru ọjọ́ náà fún mi dípò rẹ̀. Mo gbà pé láàrin agogo kan sí mẹ́rin ọ̀sán ni ògùrọ̀ ń gbọ́n. Mo tún gbà pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń sọ̀rọ̀ ketekete jù, nígbà tí òjò kò bá a dá sí i.

Oúnjẹ tó bá a lọ náà ń bẹ nítòsí. Ìkọ́kọ́rẹ́ tí a fi ewùrà sè, tí epo pupa àti ẹja yíyan kún inú rẹ̀, wúwo púpọ̀ fún ẹmu dídùn. Méjèèjì yóò kàn jọ jókòó sí inú ẹni bí àlejò méjì tí kò mọ ara wọn. Ògùrọ̀ ọ̀sán ni yóò gé epo náà lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ẹja tútù tí wọ́n ń tà ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ra ọ̀bọ̀kún níbẹ̀, tó sì lọ fi bíà tútù jẹ ẹ́, owó rẹ̀ ló ná, mi ò lè dá a dúró.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí irú ẹmu bẹ́ẹ̀ kò fi ní alágbàwí. Ìlú Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú Mùsùlùmí láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́ ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lórí oyè ní Èkó. Ó wà níbẹ̀ títí di 1862. Ọdún Kayokayo tí wọ́n fi ń rántí bíbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún àjẹyó, orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àjẹyó ni, kì í ṣe àmuyó. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkòròdú pẹ̀lú. Ká má sì dẹ́bi fún ẹ̀sìn tó ti ibòmíràn wá nìkan. Àwọn ọlọ́bàtálá kì í fẹnu kan ẹmu, nítorí ohun tí ẹmu fi ojú òrìṣà wọn rí nígbà tí a ń dá ayé. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé ìsọ̀ ẹlẹ́mu wà ní ẹ̀yìn ìlú, kì í ṣe ní ojúde ọba, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dá ògùrọ̀ kì í sì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó bá rìn ní àwọn abúlé wọ̀nyí yóò gbọ́ èdè Ìlàjẹ, Ègùn, Ìjọ̀ àti Ùróbò lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ wọn ni ẹmu náà, orúkọ ilẹ̀ kì í sì í ṣe tiwọn láti polongo. Onílẹ̀ kì í mu ún, ẹni tó ń dá a kò nílẹ̀. Báwo ni ẹmu bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ní orúkọ?

Ọ̀nà Èkó ló wá parí iṣẹ́ náà. Láyé àtijọ́ inú agbè ni ẹmu ń gbé. Ara agbè ń mí, ìwúkàrà àná ń bẹ lára rẹ̀ tó ń gba ti òní lálejò, ó sì ń jẹ́ kí ẹmu tutù. Kẹ́ẹ̀gì oníke tó gba ipò rẹ̀ fúyẹ́, kì í fọ́, ṣùgbọ́n ooru ló ń kó pamọ́, òórùn ohun tó ti wà nínú rẹ̀ rí kì í sì í tán. Wọ́n á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wọ Mile 12, tó bá fi máa dé Kẹtu tàbí Mushin, wákàtí rere rẹ̀ ti kọjá lójú ọ̀nà. Kí ni ẹni tó rà á yóò ṣe? Yóò bu omi sí i kó lè pọ̀, yóò fi sákárínì sí i kó lè dùn. Mo mu irú rẹ̀ ní ìsọ̀ kan ní Ìkẹjà tí mi ò ní dárúkọ. Adùn rẹ̀ kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ife dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹmu gidi kì í rí bákan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn kì í ṣe ẹmu ọ̀pẹ, kì í ṣe ògùrọ̀, kò sì wá láti ibì kankan.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti gbìyànjú láti dá ẹmu dúró lójú ọ̀nà yìí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, wá ọ̀nà láti fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí wọ́n sì dé e mọ́ ìgò. NIFOR tó wà nítòsí Benin náà ń ṣe tirẹ̀. Ìgò yẹn lè dé Peckham láìbàjẹ́, ó sì wúlò fún ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ níbẹ̀ tí kò lè rí adẹ́mu. Ṣùgbọ́n ẹmu tí a ti dá agogo rẹ̀ dúró ni. Ó jọ àwòrán bàbá ẹni lára ògiri: ó jọ ọ́, kò sì lè dáni lóhùn.

Ti ògógóró, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹmu náà ni a sè tí a sì gba ooru rẹ̀. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é, nítorí jìnnì òkè òkun ló ń mú owó ibodè wọlé fún wọn. Ní 2015, nígbà tí àwọn ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí ọtí tí mẹtanọ́ọ̀lù wọ̀, ìjọba tún fòfin de títà rẹ̀. Ẹ̀rù tó bá àwọn ènìyàn nígbà náà kò mọ níwọ̀n sórí ògógóró nìkan, ó dé orí ẹmu pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ẹmu kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìlú òkèèrè kan wà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí wé. Àwọn Pọtogí ló sọ Èkó ní Lagos, ẹ sì jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn Lisbon, olú-ìlú wọn, ní etí òkun, abúlé kan ń bẹ tó ń jẹ́ Colares. Inú yanrìn ni wọ́n ń gbin àjàrà sí níbẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ yanrìn títí wọn yóò fi kan amọ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò fi gbòǹgbò sí. Igi àjàrà náà á máa fi àyà wọ́ lórí yanrìn, wọ́n á sì fi esùn ṣe ọgbà yí i ká nítorí atẹ́gùn òkun. Iṣẹ́ àṣekára ni, ọtí tó ń ti ibẹ̀ jáde sì máa ń le lẹ́nu, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rọ̀. Ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, kòkòrò kan tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà jẹ oko àwọn ará Yúróòpù run. Kò lè rìn nínú yanrìn. Colares yè é. Ní 1908 ìjọba fi òfin pa ààlà sí ilẹ̀ náà, kí ẹlòmíràn má baà máa fi orúkọ rẹ̀ ta ọtí. Ní 1931 àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ó sì ń bẹ títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Lisbon tóbi. Àwọn olówó ń fẹ́ ilé sí etí òkun, orí yanrìn tó gba àjàrà lọ́wọ́ kòkòrò ni ilé sì dùn ún kọ́ sí jù lọ. Oko àjàrà tó pọ̀ lọ súà nígbà kan dínkù di èyí tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn kiri láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tó dáàbò bò ó ló fà á fún ọ̀tá mìíràn.

Kí ẹ wá wo ògùrọ̀ etí ọ̀sà. Ẹrẹ̀ ló ti ń gbà á sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àgbẹ̀ kò fẹ́ kó ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ọkọ̀ kò lè wọ ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń jà nítorí àbàtà. Nísinsìnyí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà lè sọ àbàtà di ilẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀. Láti ìgbà tí èbúté Lẹ́kí àti ilé-ìfọpo Dangote ti ṣí ní 2023 ní gúúsù ọ̀sà, ojú àwọn tó ń wá ilẹ̀ ti kọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Ìmọ̀tà ṣí ní ọdún kan náà. Èmi kò bá ilé-iṣẹ́ jà, ènìyàn ní láti jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹnìkan bá ti rí "ilẹ̀ omi tí kò wúlò" lórí àwòrán ilẹ̀, àfonífojì ògùrọ̀ ni mo máa ń rí níbẹ̀. Àwọn tó ń dá a náà ní ẹ̀bi tiwọn. Igi tí a bá dá kì í so mọ́. Bí a bá dá gbogbo èyí tó bá ti tó dá nínú àfonífojì kan, kò ní sí èso tí yóò bọ́ sínú omi, kò ní sí èyí tí yóò hù. Àwọn adẹ́mu tó mọṣẹ́ máa ń fi àwọn kan sílẹ̀ kí wọ́n so. Ẹni tí kò dá a lójú pé àfonífojì náà yóò wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, kí ni yóò fi igi sílẹ̀ fún? NIFOR ní igi ògùrọ̀ lára àwọn igi tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìwádìí rẹ̀. Bí irúgbìn bá máa dé etí ọ̀sà láti ibì kan, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ó ti kọ́kọ́ wá.

Mo mọ̀ pé orúkọ nìkan kò gba Colares là. Àmọ́ ó ní ohun kan tí Ẹ̀pẹ́ kò ní: ẹni tó jókòó ní Lisbon tó ń fẹ́ ọtí náà mọ orúkọ tí yóò fi béèrè rẹ̀, ó sì ṣetán láti san ju ti ọtí lásán lọ. Nítorí èyí, ẹnìkan ṣì ń gbẹ́ yanrìn. Tiwa, bí kẹ́ẹ̀gì kan bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 12, ọ̀pẹ àti ògùrọ̀, Ìkòsí àti Ìmọ̀tà, ti òru àti ti àná, wọ́n ti di ẹmu.

Mo ti rí ìsọ̀ kan tó yàtọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà Ìtọ́ìkin. Ìyá tó ń tà á kì í bu ẹmu fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀?" Kẹ́ẹ̀gì wọn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì mọ abúlé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Owó ògùrọ̀ kéré sí ti ọ̀pẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé n kò rí ìdí tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ bi àwọn ènìyàn yín ní Èkó. Àwọn ló ń sọ iye tó jẹ́."